Irun Àgùntàn Di Òdòdó, Ó Di Ẹranko, Ó Di Báàgì

Ẹni tó bá ti fi omi gbígbóná fọ súwẹ́tà onírun àgùntàn rí, tó sì bó o dáadáa, á ti rí i pé aṣọ tó gba àgbàlagbà tẹ́lẹ̀ kò gba ju ọmọdé lọ mọ́. Á ki, á le, ojú híhun rẹ̀ á parẹ́. Bí a fà á títí ilẹ̀ fi ṣú, kò ní padà sí bó ṣe wà. Aṣọ tó bàjẹ́ ni gbogbo wa ń pè é. Ṣùgbọ́n ohun tó ba súwẹ́tà yẹn jẹ́ gan-an ni àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ kan ń dìídì wá. Òun ni wọ́n fi ń ṣe òdòdó tí obìnrin ń fi sí àyà aṣọ, ehoro kékeré tó jókòó sórí tábìlì bí ẹni tó fẹ́ sá, àti báàgì tí kò ní ojú rírán kankan lára.

Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí irú iṣẹ́ yìí máa ń béèrè ìbéèrè mẹ́ta. Ṣé gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́? Ṣé fóòmù ló wà nínú rẹ̀ tí wọ́n fi aṣọ bò? Àbí ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́ jáde? Kò sí èyí tó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Irun àgùntàn ni, pẹ̀lú omi àti ọṣẹ, tàbí pẹ̀lú abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo. Ohun tí irun náà ń dà ni à ń pè ní felt. Bó ṣe ń dà á, ibi tí iṣẹ́ náà ti ṣẹ̀ wá, àti bí a ṣe ń fi ṣe nǹkan mẹ́ta tí a dárúkọ yìí ni a fẹ́ là yé ara wa.

Kí ni felt?

Òwú ni ìpìlẹ̀ aṣọ òkè tí wọ́n ń hun ní Ìsẹ́yìn. A ó gbọn òwú, a ó ran án, a ó ta á sórí òfì, a ó sì máa fi òwú mìíràn dábùú rẹ̀ títí aṣọ yóò fi jáde. Súwẹ́tà náà kò lè wáyé láìsí òwú tí a ti ran. Abẹ́rẹ́ méjì ló ń fi òwú náà kọ́ ara rẹ̀ lọ́rùn. Bí a bá rí ibi tí òwú ti bẹ̀rẹ̀, tí a sì fà á, a lè tú àwọn méjèèjì palẹ̀.

Felt kò rí bẹ́ẹ̀. A kì í ran irun rẹ̀, a kì í sì hun ún. Ńṣe ni a ń to irun àgùntàn tí a ti fọ̀, tí a sì ti yà, léra wọn, tí a ó wá mú kí fọ́nrán kọ̀ọ̀kan wọ inú èkejì títí gbogbo wọn yóò fi di ara kan. Kò ní orí òwú tí ẹnikẹ́ni lè fà. Bí a bá fi àlùmọ́gàjí gé e, etí rẹ̀ kò ní tú; nítorí náà, a kì í ṣẹ́ etí rẹ̀ bí a ti ń ṣẹ́ ti aṣọ híhun.

Ọ̀nà méjì ni a ń gbà ṣe é lọ́wọ́. Èyí tó ti wà láti ayébáyé ni ti omi àti ọṣẹ. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní felt olómi. Èkejì ni èyí tí a ń fi abẹ́rẹ́ gún láìsí omi rárá. Ìyẹn ni felt alábẹ́rẹ́. Báàgì àti òdòdó bá ọ̀nà àkọ́kọ́ lọ jù, ẹranko sì bá ti abẹ́rẹ́ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ń da méjèèjì pọ̀ lára iṣẹ́ kan.

Ohun tó wà lára irun

Bí a bá fi awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá wo fọ́nrán irun àgùntàn kan, a ó rí i pé ara rẹ̀ kò dán. Ìpẹ́ ló bò ó láti ìdí dé ṣóńṣó, ọ̀kan gorí èkejì, gbogbo wọn sì kọjú sí ìhà ṣóńṣó. Ẹ ronú nípa ẹja tí a kò tíì yọ ìpẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá fi ìka ra á láti orí lọ sí ìrù, ó ń yọ̀. Bí ẹ bá ra á láti ìrù wá sí orí, á máa gbún yín lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni irun àgùntàn ṣe rí, àfi pé ìpẹ́ tirẹ̀ kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i.

Nítorí èyí, ọ̀nà kan ṣoṣo ni irun náà lè rìn wọ́rọ́wọ́. Bí omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bá wọ inú rẹ̀, á wú, á sì dẹ̀. Ọṣẹ á jẹ́ kó máa yọ̀ láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Bí ọwọ́ bá wá ń ra á lọ, tó ń ra á bọ̀, fọ́nrán kọ̀ọ̀kan á máa fi ìdí ṣáájú, á máa wọ́ lọ díẹ̀díẹ̀ sáàárín àwọn tó kù. Bó bá fẹ́ padà, ìpẹ́ rẹ̀ á há mọ́ ti ẹlòmíràn. Bí wọ́n ṣe ń wé mọ́ra bẹ́ẹ̀ ni àyè àárín wọn ń dín kù. Ìdí nìyí tí felt kò fi lè le kó má súnkì. Ẹni tó bá fẹ́ kí báàgì rẹ̀ le kó má sì kéré sí i, ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀ ló ń retí.

Nínú felt alábẹ́rẹ́, ohun tí ọwọ́ àti ọṣẹ ń ṣe ni abẹ́rẹ́ ń ṣe. Abẹ́rẹ́ yìí kì í ṣe ti ìránṣọ. Kò ní ojú tí a ń ki òwú bọ̀. Ara rẹ̀ ní igun mẹ́ta, wọ́n sì gé eyín wẹ́wẹ́ sí etí igun náà, tí gbogbo wọn kọjú sísàlẹ̀. Bó bá ń wọlé, eyín wọ̀nyí á gbá fọ́nrán díẹ̀ mú, á tì wọ́n wọ inú. Bó bá ń jáde, á fi wọ́n sílẹ̀ síbẹ̀. A ó gún un lọ́pọ̀ ìgbà kí ìdì irun tó rọ̀ bí òwú tó di ohun tí ìka kò lè tẹ̀ wọlé.

Irun tó ń di felt àti èyí tí kì í dì

Ibi tí àṣìṣe pọ̀ sí jù láàárín wa rèé. Wúlù tí a ń rà lọ́jà láti fi dirun, èyí tí wọ́n ń pè ní Brazilian wool, kì í ṣe irun ẹranko kankan. Acrylic ni, ohun tí ilé iṣẹ́ ń fi kẹ́míkà láti ara epo rọ̀bì ṣe. Kò ní ìpẹ́ lára. Ẹ lè bó o nínú omi gbígbóná láti àárọ̀ di alẹ́, kò ní di felt. Òwú tiwa náà kò ní ìpẹ́. Èyí tí wọ́n sì ń tà ní abala pẹlẹbẹ fún iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ iléèwé, acrylic tàbí polyester ló pọ̀ jù nínú wọn. Ẹ̀rọ ló gún un pọ̀. Ó dára fún gígé àti rírán, ṣùgbọ́n a kò lè fi ọṣẹ àti omi mọ ọ́n di nǹkan mìíràn.

Àgùntàn tiwa ńkọ́? Èyí tó ń rìn kiri ní Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta kì í ru wúlù. Irun kúkurú tó lẹ̀ mọ́ awọ, bíi ti ewúrẹ́, ló ní lára, ìyẹn ló sì bá ooru ilẹ̀ wa mu. Nítorí náà, bí baba ńlá wa kò bá ṣe felt, kì í ṣe pé wọn kò mọṣẹ́. Ohun èlò rẹ̀ ni kò sí nílẹ̀. Òwú ló wà, òwú ni wọ́n sì hun.

Irun tó dára jù fún iṣẹ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ ni ti àgùntàn Merino, tí Ọsirélíà, New Zealand àti Gúúsù Áfíríkà ń sìn lọ́pọ̀ yanturu. Irun orí ènìyàn nípọn tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀. Irun Merino tètè ń dì, ojú rẹ̀ sì máa ń dán. Òun ni a fi ń ṣe òdòdó. Irun àgùntàn mìíràn tó nípọn tó sì le dára fún inú ẹranko àti fún báàgì tí yóò ru ẹrù.

Ẹni tó wà nílé tí kò rí irun Merino rà lè yà sí ọjà òkìríkà. Súwẹ́tà tó wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń ní bébà kékeré tí wọ́n rán mọ́ ọrùn tàbí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ 100% wool síbẹ̀, tí wọn kò sì kọ superwash tàbí machine washable, á di felt bí a bá fi omi gbígbóná àti ọṣẹ bó o dáadáa. Superwash túmọ̀ sí pé wọ́n ti fi kẹ́míkà pa ìpẹ́ irun náà rẹ́, tàbí pé wọ́n ti fi nǹkan bò ó, kí ó má baà súnkì. Bí bébà rẹ̀ bá ti já, ẹ fa fọ́nrán kan yọ, kí ẹ sì fi iná kàn án. Irun àgùntàn á rùn bí irun orí tó jóná, eérú rẹ̀ á sì rún mọ́ ìka. Acrylic á yọ́, á sì di kókó dúdú líle.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti ṣẹ̀ wá

Ọwọ́ àwọn darandaran Àárín Gbùngbùn Éṣíà ni felt ti gbilẹ̀ jù lọ. Òtútù mú níbẹ̀, igi kò pọ̀, àgùntàn ló pọ̀. Àgọ́ tí wọ́n ń tú, tí wọ́n ń dì, tí wọ́n sì ń gbé tẹ̀ lé ẹran wọn kiri, felt ni wọ́n fi ń bo igi rẹ̀. Àwọn ará Mongolia ń pe àgọ́ náà ní ger, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń gbé inú rẹ̀ títí di òní. Ní Kyrgyzstan, oríṣi ẹní felt méjì ló lókìkí. Fún èyí tí wọ́n ń pè ní ala-kiyiz, irun aláwọ̀ ni wọ́n ń tò lórí irun tí kò tíì dì, kí iṣẹ́ ọnà àti ẹní lè dì pa pọ̀. Fún shyrdak, wọ́n á gé felt aláwọ̀ méjì sí iṣẹ́ ọnà kan náà, wọ́n á pààrọ̀ ohun tí wọ́n gé yọ, wọ́n á sì rán wọn pọ̀. Ní 2012, UNESCO kọ méjèèjì sínú ìwé àwọn àṣà tó nílò ìdáàbòbò kíákíá.

Ẹni tó bá rò pé ohun ìṣeré ayé òde òní ni ẹranko felt, kó gbọ́ ti Pazyryk. Ní òkè Altai, ní gúúsù Siberia, onímọ̀ ìwalẹ̀pìtàn ará Rọ́ṣíà kan, Sergei Rudenko, hú àwọn ibojì ìjòyè ní 1929, ó sì padà síbẹ̀ láàárín 1947 sí 1949. Omi ti wọ inú ibojì wọ̀nyí, ó sì di yìnyín níbẹ̀, kò sì jẹ́ kí aṣọ, awọ àti irun inú wọn jẹrà fún ohun tó ju ẹgbẹ̀rún ọdún méjì lọ. Nínú ibojì karùn-ún ni wọ́n ti rí àwọn ẹyẹ odò ọlọ́rùn gígùn tí a fi felt ṣe, tí wọ́n fi irun àgbọ̀nrín kì nínú. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Hermitage ní St Petersburg ni wọ́n wà.

Felt kò dúró sọ́dọ̀ darandaran nìkan. Ní 1826, Jean-Henri Pape, tó ń ṣe dùùrù ní ìlú Paris, bẹ̀rẹ̀ sí í fi felt bo òòlù kéékèèké tó ń lu okùn inú dùùrù, èyí tí wọ́n ń fi awọ bò tẹ́lẹ̀. Títí di òní, felt ló ń lu okùn inú dùùrù onígi tó wà ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ní ìlú Giengen ní Jámánì, ní nǹkan bí 1880, Margarete Steiff, obìnrin aránṣọ tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti sọ di ẹni orí kẹ̀kẹ́ láti kékeré, fi felt rán erin kékeré tí a ń gún abẹ́rẹ́ mọ́. Àwọn ọmọdé gba erin náà lọ́wọ́ àwọn ìyá wọn, wọ́n fi ń ṣeré. Báyìí ni ilé iṣẹ́ ohun ìṣeré Steiff ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ti abẹ́rẹ́ kò tíì pẹ́ púpọ̀. Abẹ́rẹ́ eléyín ti wà nínú ẹ̀rọ ńlá láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Tímùtímù àti aṣọ ìtẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń fi ṣe. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni tọkọtaya kan ní Massachusetts ní Amẹ́ríkà, David àti Eleanor Stanwood, mú abẹ́rẹ́ náà kúrò lára ẹ̀rọ, wọ́n sì ń fi ọwọ́ gún irun pẹ̀lú rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀nà yìí ti tàn kálẹ̀ láàárín àwọn oníṣẹ́ ọwọ́.

Bí a ṣe ń ṣe òdòdó

A ó fa irun Merino yọ ní tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, a ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ ní roboto tó fẹ̀ tó àwo ìjẹun. Ìpele àkọ́kọ́ á dojú kọ òkè àti ìsàlẹ̀. Ìpele kejì á dábùú rẹ̀. Ìkẹta á tún tẹ̀ lé ti àkọ́kọ́. Bí a kò bá yí ojú irun padà báyìí, ìhà kan ṣoṣo ni yóò ti máa súnkì, òdòdó náà á sì wọ́. A lè fi pupa ṣe ìpele ìsàlẹ̀, kí a fi yẹ́lò ṣe ti òkè. Níwọ̀n bí irun ti ń rìn, pupa á yọjú díẹ̀díẹ̀ láàárín yẹ́lò, èyí tí kò sí ọ̀dà tó lè fara wé e.

A ó wọ́n omi ọlọ́ṣẹ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lé e, a ó fi àwọ̀n bò ó, a ó sì máa fi àtẹ́lẹwọ́ ra á jẹ́jẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọwọ́ kò gbọdọ̀ wúwo. Bó bá wúwo, irun á ṣí kúrò ní ipò rẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan, a ó fi ìka méjì fa ojú rẹ̀ sókè díẹ̀. Bí fọ́nrán bá dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ kò tíì yá. Bí gbogbo ojú rẹ̀ bá gbéra pọ̀ bí awọ, ó ti tó gé.

A ó gé e láti etí wá sí àárín sí ewé márùn-ún, ṣùgbọ́n àlùmọ́gàjí kò gbọdọ̀ dé àárín gan-an. Ojú ibi tí a gé á ṣe ṣákálá, bí ẹni gé bébà. Níbí ni ìyàtọ̀ ti wà láàárín òdòdó tó dà bí òdòdó àti èyí tó dà bí ohun tí a gé. Ẹni tó mọṣẹ́ á fi ọṣẹ sí ìka rẹ̀, á sì máa ra etí ewé kọ̀ọ̀kan títí á fi yípo, tí á sì fẹ́lẹ́. Lẹ́yìn náà ni á ká gbogbo rẹ̀ sínú ẹní tín-ínrín, á yí i lọ yí i bọ̀ kó lè súnkì dáadáa. Á fi omi tútù ṣàn án, á fún un, á kó ìdí rẹ̀ jọ, á sì so ó ní òwú títí á fi gbẹ. Bó ti gbẹ ni yóò dúró.

Bí a ṣe ń ṣe ehoro

Ehoro kò nílò omi. Fóòmù tó nípọn ni a ń gbé iṣẹ́ lé, kí abẹ́rẹ́ lè rí ibi wọ̀ láìkan tábìlì. A ó ká irun tó nípọn bí ẹní, ká fún un mọ́ra bó bá ti lè ṣeé ṣe tó, torí ohun tí ọwọ́ bá ti fún ni abẹ́rẹ́ kò ní ṣe wàhálà lé lórí. Ìyẹn ni ikùn. Ìdì tó kéré sí i ni orí. Tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin ni ẹsẹ̀.

Abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ wọlé tààrà, kó sì gba ibi tó wọ̀ jáde. Bí a bá fì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbà tó wà nínú iṣẹ́, á ṣẹ́. Láti mú kí ikùn le, a ó gún un jìn. Láti mú kí ojú rẹ̀ dán, a ó máa gún òkè òkè. Ibi tí a bá ti gún jù ni yóò wọlé, ọgbọ́n yìí la sì fi ń ya ara ẹranko. Bí a bá fẹ́ ihò ojú, ibẹ̀ la ó gún léraléra títí kòtò á fi yọ. Bí a bá fẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, a ó fi irun díẹ̀ lé e, a ó sì gún etí irun náà mọ́lẹ̀ láìfọwọ́ kan àárín rẹ̀.

Orí ẹsẹ̀ tí yóò kan ikùn ni a kì í gún. A ó jẹ́ kí irun ibẹ̀ tú sílẹ̀, a ó tẹ́ ẹ mọ́ ikùn, a ó sì gún un wọlé. Ẹsẹ̀ tí a bá gún dé òpin kí a tó lẹ̀ ẹ́, ọjọ́ tí ọmọdé bá fà á ni yóò já. Etí ehoro ni a ń gún ní pẹlẹbẹ lórí fóòmù, tí a ó máa yí i padà lemọ́lemọ́ kó má baà lẹ̀ mọ́ fóòmù. A ó ká ìdí rẹ̀ pọ̀ kí inú rẹ̀ lè jìn, a ó wá gún un mọ́ orí. Irun Merino aláwọ̀ la ó fi bo gbogbo rẹ̀ níkẹyìn, abẹ́rẹ́ tó fẹ́lẹ́ sì ni a ó lò kí ojú ibi tí a gún má baà hàn. Nọ́ńbà ló ń fi ìyẹn hàn: 36 nípọn, 40 fẹ́lẹ́, 38 sì wà láàárín wọn.

Bí a ṣe ń ṣe báàgì tí kò ní ojú rírán

Ìṣirò ló ṣáájú. Ká ní irun tí a fẹ́ lò máa ń súnkì ní 30%, tí a sì fẹ́ báàgì tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 30. A ó pín 30 sí 0.7; á fún wa ní nǹkan bíi 43. Ìwọ̀n yẹn ni a ó fi gé ọ̀rá tó nípọn, tí yóò wà láàárín iwájú àti ẹ̀yìn báàgì kí méjèèjì má baà lẹ̀ mọ́ra. Láti mọ iye tí irun kan ń súnkì, a ó kọ́kọ́ fi díẹ̀ nínú rẹ̀ ṣe felt kékeré, a ó wọ̀n ọ́n kó tó dì, a ó sì tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn náà. Ẹni tó bá fo èyí á fẹ́ gbé ìwé, báàgì rẹ̀ á sì gba kọ́kọ́rọ́ nìkan.

A ó to irun sórí ọ̀rá náà ní ìpele mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan á máa dábùú èkejì, etí wọn á sì yọ kọjá ọ̀rá díẹ̀. A ó wọ́n omi ọlọ́ṣẹ lé e, a ó yí i dojú bolẹ̀, a ó ṣẹ́ etí tó yọ náà wá sí ìhà kejì, a ó sì to irun sí ìhà yìí bákan náà. Etí tí a ṣẹ́ yìí ni kò jẹ́ kí báàgì ní ojú rírán, torí pé irun iwájú ti wọ inú irun ẹ̀yìn.

A ó ra á títí á fi gbéra bí awọ, a ó wá ká a sínú ẹní tàbí táwẹ́lì, a ó sì máa yí i. Ìhà tí a bá ń yí i sí ni yóò ti máa súnkì. Ìdí nìyí tí a fi ń tú u, tí a ń yí i padà, tí a sì ń tún un ká láti ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí ọ̀rá inú rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ká nítorí àyè ti há, báàgì ti gbọ́. A ó gé ẹnu rẹ̀, a ó yọ ọ̀rá jáde, a ó ra etí ibi tí a gé, a ó sì máa nà án mọ́ tábìlì títí á fi le. A ó ṣàn án títí omi á fi mọ́, a ó kán ọtí kíkan díẹ̀ sínú omi ìkẹyìn kó lè pa agbára ọṣẹ, a ó sì kì í ní aṣọ kó lè gbẹ sí ìrísí tí a fẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ lè jẹ́ awọ tí a rán mọ́ ọn, tàbí okùn felt tí a fi ọwọ́ yí.

Èrò tí kò tọ̀nà

Àwọn kan ní ọṣẹ ló ń lẹ irun mọ́ra. Bó bá rí bẹ́ẹ̀ ni, omi tí a fi ń ṣàn án ì bá ti tú u. Ọṣẹ kàn ń ṣí ọ̀nà ni.

Àwọn mìíràn gbà pé omi gbọ́dọ̀ hó kó tó ṣeé ṣe. Omi tí ọwọ́ lè gbà ti tó. Bí ooru bá pọ̀ ju bó ti yẹ lọ ní ìbẹ̀rẹ̀, ojú á dì kí inú tó dì, iṣẹ́ á sì hunjọ. Ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

A tún máa ń gbọ́ pé pípa ni wọ́n ń pa àgùntàn kí wọ́n tó rí irun rẹ̀. Rírẹ́ ni wọ́n ń rẹ́ ẹ, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún lọ́pọ̀ ibi, irun á sì tún hù.

Àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ máa ń rò pé bí ọwọ́ bá ṣì, a lè tú u ká tún bẹ̀rẹ̀. Felt kì í tú. Irun tí a bá fi kún un lè bo àbùkù, àlùmọ́gàjí sì lè gé e kúrò, ṣùgbọ́n fọ́nrán tó ti wọlé kò ní jáde mọ́. Ẹni tó bá ń ṣe ehoro kó máa dá irun lé e díẹ̀díẹ̀.

Bákan náà ni wọ́n máa ń sọ pé iṣẹ́ ọmọdé ni. Ti omi àti ọṣẹ bá ọmọdé mu. Abẹ́rẹ́ eléyín kò bá a mu, nítorí ó mú, eyín rẹ̀ sì ń fa ẹran ara ya bó bá ń jáde. Àgbà gan-an ń fi awọ bo ìka.

Èyí tó kẹ́yìn ni pé felt kò gbọdọ̀ kan omi. Irun àgùntàn lè fa ọ̀rinrin tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìwọ̀n rẹ̀ kí ọwọ́ tó mọ̀ pé ó tutù. Ọ̀wààrà òjò kò ní ba báàgì felt jẹ́. Fífọ̀ ọ́ nínú ẹ̀rọ ni kò dára. Omi tútù la fi ń nù ún, abẹ́ ìbòòji ló sì ti ń gbẹ. Ọ̀tá rẹ̀ gan-an ni àfòpiná aṣọ, tí ọmọ rẹ̀ ń jẹ irun. Bí a bá fẹ́ kó o pamọ́, ká sá a sí atẹ́gùn dáadáa, ká sì fi káńfọ̀ sí i.

Bí ẹ bá fẹ́ rà á

Owó felt ọwọ́ kì í kéré, àwọn olùrajà sì máa ń kùn. Ẹ má fi àwọ̀ rẹ̀ mọ̀ bóyá ó tó owó. Ẹ fi èékánná ha ojú rẹ̀. Bí irun bá ń yọ tẹ̀ lé e, kò tíì dì tó, á sì máa ta kókó láìpẹ́. Ẹ di báàgì mú ní ọwọ́ méjèèjì kí ẹ fà á; kò gbọdọ̀ nà ju díẹ̀ lọ. Ẹ wo ìdí rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀; bí ibì kan bá mọ́ ju ibòmíràn lọ, irun kò dọ́gba níbẹ̀, ibẹ̀ ni yóò sì kọ́kọ́ ya. Ẹ fa etí ehoro. Bó bá mì ní ìdí, wọn kò gún un wọlé dáadáa. Èyí tó bá yege ti gba wákàtí púpọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é, wákàtí yẹn lẹ sì ń san owó rẹ̀.